Ohun Tí Wọ́dà Mọ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ìbítóyè, fi mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́
ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà.
Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n títí di òní
kì í jókòó kó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ǹṣì ìparí, ẹ̀gbẹ́ ògiri.
Níbi òkú pàápàá, ọwọ́ àwọn èèyàn ló ń wò
kó tó wo ojú wọn.

"Wọn ò ní ìwo," ló sọ fún mi
lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò kajú.
"Mo bá wọn gbé. Mo mọ ẹni tó máa ń pe ìyá rẹ̀ lójú oorun.
Ọmọ tó dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Ọbájànà
ló ń bá mi tún rédíò ṣe.
Bí o bá ń retí ojú burúkú,
ojú rere ni yóò jà ọ́ lólè."

Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ kó kọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́ jíjù,
kó fi ibi tí wọ́n ń gbá lọ́rùn hàn mí.
Ó rẹ́rìn-ín, ó da ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.
"Ìwà ipá kì í já lulẹ̀ bí ẹ̀ka igi.
Ó máa ń béèrè ọ̀nà kó tó dé.
Á bi ọ́ pé aago mélòó ló lù.
Á bi ọ́ bóyá ọkọ rẹ wà nílé.
Á fẹ́ bá ọ gbé ẹrù tí o ò ní kó gbé.
O ní rárá, kò gbọ́ rárá:
ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi,
ọwọ́ ò tíì kan ara."

Mo jẹ ẹ̀pà náà tán, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Ó di oṣù kẹta, ọyẹ́ ti ká kúrò,
òórùn èso kajú tó ti rà gba gbogbo Ìyàmọyè.
Mo ta àpò mọ́kànlá. Owó wà nínú ike,
gàrí wà lórí owó.
Kò sí ọkadà. Mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí oríta.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde lábẹ́ igi.
"Àǹtí, ókun o."
Eyín funfun. Sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì ò jọra.
"Ẹ jẹ́ n bá yín ru ike yẹn."
Mo ní rárá, mo dúpẹ́.
"Àbí ẹ rò pé olè ni mí ni?"

Ìtìjú bò mí.
Ẹ wò ó, ìtìjú ni, kì í ṣe ẹ̀rù.
Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa
pé ẹni tó bá kí ọ ní ókun, kí o fi ẹ̀rín dá a lóhùn.
Mo ti ń sọ ike kalẹ̀ fún un
kó má baà bínú.

Ìgbà yẹn ni mo wo ọwọ́ rẹ̀.
Ọ̀kan ń nà bọ̀. Èkejì ò sí níta.

Mi ò jà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn mìíràn fún yín.
Mo ju ike sínú koríko lápá òsì,
mo sá gba apá ọ̀tún,
mo ń kígbe, "Iná o! Iná ti wọ oko!"
Nítorí Ìbítóyè ní bí o bá ké olè,
wọ́n á ti ilẹ̀kùn;
iná ni wọ́n ń jáde fún.
Wọ́n jáde lóòótọ́, tewé tútù, tomi, tọmọdé.

Owó lọ. Mo délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì.

Mo rò pé yóò bá mi wí.
"Kí lo rí?" ni ìbéèrè tó bi mí.
Mo ní eyín. Mo ní sálúbàtà, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan pupa.
Ìbítóyè na ọwọ́, ó pa rédíò.
Kò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀, ó wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́,
ó dorí kọ ọ̀nà Ìyàmọyè.
Kò mú igi. Kò mú àdá.
Ẹ̀pà ló dì sápò.