Ìbọ̀wọ́ Òsì Méjì

Oṣù kọkànlá ni mo kọ́kọ́ fura.
Ìbọ̀wọ́ pupa Àdùnbárìn ṣẹ́kù ẹyọ kan,
ti òsì, ó ń gbẹ lórí irin amúlégbóná.
Mo ra òmíràn. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú,
ti òsì nìkan ló tún bá a wálé.
Mo bú bàbá rẹ̀ nínú:
ọkùnrin tí kò lè ṣọ́ ìbọ̀wọ́ ọmọ!
Bí ẹni pé èmi alára mọ nǹkan ṣọ́.

Hull ni tèmi, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń dín ẹja,
òórùn ọ̀dùnkún díndín ń bá wa sùn, ó ń bá wa jí.
Barton ni ti bàbá wọn, lódìkejì omi.
Afárá gígùn nì ló wà láàárín,
ó nà sókè Humber bí okùn tí ẹnikẹ́ni ò sá aṣọ sí.
Ní Jímọ̀, á fi mọ́tò wá gbé wọn.
Dúródọlá, ọmọ ọdún mẹ́ta, a máa bi mí
bóyá ibùsùn òun á ṣì wà níbí tí òun bá dé.

Mo ń tú báàgì wọn lálẹ́ ọjọ́ kan.
"Àdùn, ìkejì ńkọ́?"
Ó wolẹ̀.
"Mo fi pamọ́ sábẹ́ àga Dádì.
Tó bá ń wá ìkejì ẹ̀, á wá débí."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ṣé torí mílíìkì tí mo dà sórí kọ̀ǹpútà ni?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìbọ̀sẹ̀.
Èmi tí mo rí ọ̀rọ̀ sọ fún lọ́yà,
tí mo rí ọ̀rọ̀ sọ fún adájọ́,
tí mo ro ẹjọ́ fún ìyá mi lórí fóònù títí iná fi kú ní Ìlá,
n kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ fún mílíìkì.

"Mílíìkì kọ́," ni mo wí níkẹyìn. "Ìwọ kọ́. Dúró kọ́.
Ohun tó wó yìí, ọwọ́ ọmọdé ò tó o."
"Ta wá ni?"
Orúkọ bàbá rẹ̀ ti gbóná dé orí ahọ́n mi.
Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà;
ta ló wá ní ká bu tiwa sínú ọmọ ọdún mẹ́fà?
Mo gbé e mì bí egungun ẹja.
Ó ṣì ń ha mí lọ́fun dòní.
"Èmi àti Dádì ni. Ẹrù àgbà ni. Àwa la ó rù ú."

Mo pe Bọ́ládalẹ̀ lóru ọjọ́ náà.
Oṣù kẹrin rèé tí a ò sọ ju ọ̀rọ̀ owó lọ.
Mo gbọ́ tí kẹ́tùlù rẹ̀ ń hó.
"Mo rí àwọn ìbọ̀wọ́ náà," ó ní. "Ọ̀tún méjì.
Mo rò pé ìwọ lo fi ń pa òwe fún mi."
Ẹ̀rín gbé wa, kò pẹ́ lẹ́nu wa.
Bí igi bá re lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé:
àwọn ọmọ ló wà lókè.

Kàlẹ́ńdà kan náà ló wà lára firíìjì méjèèjì báyìí,
pupa fún ọ̀dọ̀ mi, àwọ̀ ewé fún ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Dúró ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ àwọ̀.
N kò bi wọ́n mọ́ ẹni tó wá kí Dádì,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń yún mi.

Àdùn ṣì ń tọ̀ sílé láwọn alẹ́ Àìkú kan.
Mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, n kì í tan iná ńlá.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, òsì méjì ló wọ̀ jáde.
Àtàǹpàkò kan kọjú síbi tí kò yẹ.
Mo na ọwọ́ láti tún un ṣe, mo fà á padà.
Ó juwọ́ sí mi látinú mọ́tò,
ọwọ́ tó ṣì yẹn ló fi jù ú,
títí wọ́n fi yà sójú ọ̀nà afárá.