Elégédé Tí Fàrídà Pọ̀n

Àárọ̀ Sátidé, ìrì ò tíì gbẹ lójú gíláàsì,
a kó sínú Másídà àtijọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú,
a sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Fìà, a gun afárá Gbódọ̀fọn,
a dorí kọ ọ̀nà Gbọ̀ngán.
Kàmọ́rù ń ka òpó iná, ó ka mẹ́tàdínlógún, oorun gbé e lọ.
Fàrídà ń béèrè, "Ṣé a ti dé?"
A ò tíì kọjá ilé epo.
Àṣàbí, ọmọ ọdún kan àtààbọ̀, ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan,
ó ti jù ú síbi tí ẹnikẹ́ni ò rí títí dòní.

Oko Bàbá Gbádégẹṣin kò ní géètì,
igi kajú méjì ló dúró bí òpó ẹnu ọ̀nà.
Lẹ́yìn wọn ni gbọ̀rọ̀ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ láìbéèrè ààlà,
ó gun ebè, ó fo poro, ó dì mọ́ ọgbà aládùúgbò.
Lábẹ́ ewé ni àwọn elégédé jókòó sí,
rìbìtì, rìbìtì,
bí àgbààgbà tí ń retí ìpàdé tí alága ò tíì dé.

"Ẹ má tẹ gbọ̀rọ̀ o," Bàbá ní,
"ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ọbẹ̀ ọ̀la ló tẹ̀."
Ó wá ṣòfin ọjà fún wọn:
"Èyí tí apá yín bá ká, òun lẹ rà.
Èyí tí apá yín ò bá ká, ẹ kí i, ẹ kọjá."

Kàmọ́rù dì mọ́ èyí tó tóbi jù,
ìka ọ̀tún ń wá ìka òsì, wọn ò ríra.
Ó dọ̀bálẹ̀ lé e lórí, ó na ara:
"Apá mi ti ká a, ó ku díẹ̀!"
Díẹ̀ ọ̀hún tó ẹsẹ̀ bàtà kan.
Àṣàbí rí kékeré kan, ó gé e jẹ, ó tutọ́,
ó tún gé e jẹ.

Fàrídà ò kánjú.
Ó ń yí wọn wò bí ìyá ọkọ tó wá wo ìyàwó.
Èyí tó mú ní àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ìdí rẹ̀ tẹ́ níbi tó ti sùn mọ́lẹ̀ láti òjò àkọ́rọ̀.
"Ara èyí ò yá," ló wí.
Ó gba ìborùn lórí ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀,
ó pọ̀n ọ́n.

Èmi dúró sí poro.
Mi ò sọ fún wọn pé mo mọ elégédé.
Lọ́dún tí owó oṣù bàbá mi sọnù sójú ọ̀nà,
elégédé la jẹ láàárọ̀, elégédé la jẹ lálẹ́,
ìyá mi ń fi ata tàn wá: lónìí ẹ̀bẹ, lọ́la àsáró,
orúkọ ló ń yí, ìkòkò ò yí.
Mo búra, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, níwájú ààrò,
pé bí mo bá kọ́lé, elégédé ò ní wọ ibẹ̀.
Ẹ wá wò ó bó ṣe ń bọ̀,
kò kan ilẹ̀kùn,
ẹ̀yìn ọmọ ló gùn wọlé.

"Èló ni?" mo bi Bàbá.
Ó wo Fàrídà tó ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún,
ó ní, "Ta ní ń díye lé ọmọ ọlọ́mọ?"
Ṣùgbọ́n ó gba owó ti Kàmọ́rù,
èyí tí apá ò ká, tó kọ̀ tí kò fi sílẹ̀,
tí èmi àti Bàbá jọ gbé sínú búùtù
tí ọkọ̀ fi kúnlẹ̀ lẹ́yìn.
Nígbà tí a padà dé orí afárá, Fàrídà ní kí n rọra wakọ̀,
ọmọ ń sùn.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó mi pọ́n ọ̀bẹ.
Ti Kàmọ́rù ti di ọbẹ̀ tí a pín dé ojúlé kẹrin;
mo jẹ níbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀, mo tún bù ú.
Èyí tó kù wà lórí ibùsùn, ó dé fìlà òtútù Àṣàbí,
ó sì ti ní orúkọ: Sìdíkátù,
orúkọ ìyá mi, tí Fàrídà ò bá láyé.
Ìyàwó mi wo ọ̀bẹ, ó wò mí.
Mo ní kó fi bẹ iṣu.