Ó Kù Díẹ̀

Ní Ìdí-Ìyeyè, a kì í sọ iye máìlì fún èrò.
Bó ku méje, ó kù díẹ̀.
Bó ku méjì, ó kù díẹ̀.
Irọ́ kan ṣoṣo tí Ràímì bàbá mi ń pa nìyẹn,
ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ìrun Àsùbáà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Tóṣù kẹjọ bá dé, kí ìrì tó gbẹ lórí ewé kókò,
wọn a ti máa yọ lọ́nà Ìjẹ̀ṣà,
aláṣọ funfun tí ẹrẹ̀ ti sọ di alámọ̀,
obìnrin tó ń tọrọ ọmọ, obìnrin tó ń lọ san ẹ̀jẹ́ ọmọ,
lọ́dún kan, ọkùnrin kan tó pọn ìyá rẹ̀.
"Òṣogbo ṣì jìnnà bí?"
Bàbá mi a nu ẹnu igbá, a bu omi àmù,
a pa irọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Odò ni wọ́n ń lọ bọ, ìrun lẹ̀yin ń kí,
kí ló kàn yín?"
Ó ní, "Òùngbẹ kò ní ilé ìjọsìn."

Wọ́n ń jẹ ìyeyè lọ, wọ́n ń tu kóró,
kóró hù.
Ẹni bá fẹ́ mọ ọ̀nà àtijọ́ lónìí
kó má wolẹ̀, igbó ti gbà á.
Kó wòkè, kó máa ka orí ìyeyè
títí dé etí odò.

Ọ̀nà ọlọ́dà gba ẹ̀yìn òkè kọjá.
Mọ́tò tó ń lọ sódún kò mọ̀ pé a wà.
Ilé búrẹ́dì ti kógbá wọlé, ilé-ìwé ku ọmọ mọ́kànlá,
àmù bàbá mi, adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, òjò ń ṣẹ́ winniwinni,
arúgbó kan yọ,
bàtà ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀, tòsì wà lọ́wọ́.
Ó ní Ẹ̀sà-Òkè lòun ti ń bọ̀,
ẹsẹ̀ ni ìyá òun fi rìn wá tọrọ òun,
ẹsẹ̀ lòun náà yóò fi lọ sọ fómi
pé òun ti pé àádọ́rin.
Mo fún un ní píọ̀ wọ́tà. Ó feyín já a,
ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Omi tó wọ ọ̀rá!"
Mo na ọwọ́ sí ọ̀kadà mi. Ó mi orí.
"Ọmọ mi, ó ku máìlì mélòó?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ni mò ń gùn ún:
méje àti ààbọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì, afárá kan tó ti ya.
Mo lanu,
ohùn bàbá mi ló jáde.

Ó dúpẹ́.
Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó wọ bàtà òsì.