Tábìlì Tí Kò Fẹ́ Ògiri

Ìwé tí wọ́n fi wé ìṣó ni bàbá ìyá mi tú
ní ìsọ̀ onírin ní Mọ̀pà, ọdún tí a gbòmìnira.
Ó da ìṣó sílẹ̀, ó ń wo ìwé:
àwòrán tábìlì ìkọ̀wé kan,
ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékèélékèé,
àti ojú ọkùnrin kan, ará Dẹ́ńmákì, tó ṣe é.
Òjò ti jẹ orúkọ rẹ̀ dé ìdajì.

Olúkòtún káfíńtà ò mọ Dẹ́ńmákì lókè tàbí lódò.
Ó kàn ń pè é ní "Ẹnìkejì mi".
Bó bá ń ti ìfági lórí pákó apá,
tí èérún pupa ń ká bí irun ọmọ tuntun,
á ní: "Ẹnìkejì, kí ló dé tí ẹsẹ̀ yìí ń rù
bó ti ń lọ sílẹ̀? Ṣé ebi ń pa á ni?"
Á dákẹ́, bí ẹni pé wọ́n ń fèsì.
Á rẹ́rìn-ín, á tún fá díẹ̀ kúrò.

Ìṣó tó rà lọ́jọ́ náà, ọ̀kan kò wọ igi.
Eyín sínú eyín ló fi dì í.
Ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni ò ní wò ló fá jù.
Ìyàwó ní kó gbé e ti ògiri, yàrá há.
Ó ní: "Ṣé ó jẹ gbèsè ni, tí yóò fi ẹ̀yìn pamọ́?"
Títí dòní, à ń yí i ká lọ sí ìdáná.

Nígbà òjò, dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Bí ọyẹ́ bá dé, á ṣí ara rẹ̀ lóru,
ìyá mi á ní látorí ẹní: "Okun o, Bàámi."

Lọ́dún tó kọjá, oníṣòwò kan ti Àbújá dé.
Ó kúnlẹ̀, ó tan iná fóònù sábẹ́ rẹ̀,
ó ń wá òǹtẹ̀ òyìnbó.
Ó wọ̀n ọ́n, ó mi orí.
"Ó kúrú. Ẹni tó ṣe é ṣìṣe."

Lẹ́yìn tó lọ, èmi náà rá wọ abẹ́ rẹ̀.
Lẹ́ẹ̀dì ni mo rí, lára ẹsẹ̀ òsì:
ìlà kan, àti lẹ́tà wúruwùru
ẹni tó dàgbà kó tó mọ̀wé:
ORÚNKÚN ÌBÍWÙMÍ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá mi nígbà náà,
ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nílé wa tí yóò lọ síléèwé.
Orúnkún rẹ̀ kò wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́.
Ẹ̀gbẹ́ ló ń jókòó sí,
tó ń ṣa kọfí tó ti Ògìdì dé.