Iye Tí Wọ́n Ta Màlúù

Mo gbé ìwé dé abúlé Vodenik, ní Bósíníà, lóṣù kẹsàn-án:
orúkọ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tí akọ̀wé ìjọba fi ẹ̀rọ tẹ̀,
tí ẹnìkan fi pẹ́ńsùlù fàlà sábẹ́ mọ́kànlá.
Kò sí àlàyé.

Ní olú ìlú, ọ̀gá mi ti ní: "Ìjà ẹ̀yà ni.
Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti kórìíra ara wọn."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Àmọ́ ìjà tó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀,
kí ló ń dúró dè títí di ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù keje,
tí ọkọ̀ akẹ́rù fi kó àsíá àti ìbọn dé?

Ostoya sọ iye tí bàbá rẹ̀ ta màlúù lọ́dún náà.
Ó sọ orúkọ màlúù. Ó sọ bí odò ṣe kún tó.
Mo ní, "Ta ló kan ilẹ̀kùn ilé Hadzić?"
Ó ní, "Àwọn èèyàn."
"Èèyàn ibo?"
Ó bu ọtí sí ife mi títí ó fi ṣàn sórí tábìlì.
Áà, ẹni tó mọ orúkọ màlúù, tí kò mọ orúkọ aládùúgbò!

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
mo rí igi mẹ́sàn-án nínú ọgbà tí kò nílé mọ́.
Èso wọn jọ iyeye, àmọ́ ó dúdú bí aró,
ó ń já bọ́, ó ń rà, agbọ́n ló ni ín.
Gbogbo abúlé ló ń fi irú èso yìí pọntí;
ti ibí, ọmọdé kì í tilẹ̀ sọ ọ́ lókò.
Ebi ń pa mí. Mo ká ọ̀kan.

Ìyá arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ wá, Zumra.
Kò pariwo. Ó gba kóró èso lọ́wọ́ mi,
ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún.
Mo ní n kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni.
"Kì í ṣe èèwọ̀. A kàn ń dúró dè wọ́n ni."

Mo ṣí ìwé fún un. Ojú rẹ̀ dúró lórí ìlà mọ́kànlá.
"Àwọn wọ̀nyí ò kú. Inú àká koríko bàbá Ostoya ni wọ́n wà
títí yìnyín fi bọ́."

Kí ló dé tí kò sọ fún mi?

"Tó bá sọ ibi tí wọ́n sá sí,
ṣé o ò ní bi í léèrè ẹni tí wọ́n ń sá fún?
Àti oúnjẹ mọ́kànlá… Kò sọ ti màlúù fún ọ ni?"

Ó sọ ọ́.
Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo wá a lọ, mo wá a bọ̀.
N kò kọ ọ́ sílẹ̀.