Ìbéèrè Kọkànlá

Orí àjà kẹta ni yàrá wa wà ní Dundee,
fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò Tay.
Lọ́sàn-án yìí kùrukùru òkun ti gbé afárá mì
títí dé òpó kẹta.

Mhairi ń ka òrùlé.
Ọmọ ogún ọdún, kò dé etí ọ̀sà wa rí,
ó mọ gbogbo páànù ibẹ̀:
àwòrán oṣù kẹta, òjìlúgba ó lé méje;
àwòrán oṣù kẹrin, omi àti ẹrẹ̀.
Nínú fídíò tí ẹnì kan fi fóònù yà
ó fi rúlà wọn òjìji igi àgbọn kan
kí ó lè mọ aago tí katakata wọlé.
“Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀,” ló wí. “Wọn ò tíì jí.”
Mo ní wọ́n ti jí. Apẹja wo ló ń sùn di aago mẹ́fà?
Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.

Iṣẹ́ tèmi, etí ni.
Ohùn Màmá Mofẹ̀yìntolú wọlé,
àkùkọ aládùúgbò ń dá sí i.
Ìbéèrè kọkànlá: Kí ni ẹ pàdánù?
Ẹní méjì. Àwọ̀n mẹ́ta, ọ̀kan ò tíì kan omi.
Ẹ̀rọ ìránṣọ. Sáfíkéètì ọmọ mi.
Ó dákẹ́. Àkùkọ kọ.
“Wọ́n sì hú ibi.”

Mo dá a padà.
Wọ́n sì hú ibi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rennie dúró lẹ́yìn mi, ife tíì lọ́wọ́:
“Ibi wo? Ṣé ilẹ̀ ni?”
Ilẹ̀ ni.
“Àbí aburú?”
Aburú náà ni.
Ṣùgbọ́n ibi ọmọ márùn-ún ló ń wí,
tí wọ́n sin sẹ́yìn ilé, nídìí igi àgbọn
tí Mhairi fi òjìji rẹ̀ wo aago.

Mhairi gbé rúlà sílẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ní àyè fún ilé, ó ní fún owó,
ó tilẹ̀ ní fún adìyẹ.
Ọ̀jọ̀gbọ́n ní adájọ́ á bèèrè iye tó tó.
Mo bi í pé níbo ni wọ́n gbé tirẹ̀ sí.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ilé ìwòsàn ni, bóyá wọ́n sun ún.
Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí màmá ṣe sọ ọ́.
Mo kọ àlàyé ìlà mẹ́rin sísàlẹ̀;
adájọ́ lè kà á, ó sì lè fò ó.

Aago mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú. Mo wọ kóòtù.
Mhairi ò dìde:
ó ti fẹ àwòrán oṣù kẹrin lójú,
ó ń wá kùkùté.