Ọ̀sẹ̀ Kan ní Abà Bàbá Wa

Láoyè, mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́:
ilé olókùúta kan lẹ́sẹ̀ òkè, ní Sìkọ́tílàǹdì,
ó pọn ìkùukùu sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ,
àgùntàn dúró nínú koríko, wọ́n ń wò ọ́
bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè.
O ní ilé àgbẹ̀ kan ni, pé ẹ háyà rẹ̀ fún ọjọ́ méje.
O kọ iye tí ẹ san sísàlẹ̀.
Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà lẹ́ẹ̀mejì,
mo sì da fóònù dé sórí tábìlì.

Ẹ sanwó kí ẹ tó sùn lóko bàbá ẹlòmíì.
Ta ní ń sùn ní tiwa?

Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé gba ọlidé,
mo kó ọmọ mẹ́ta sínú ọkọ̀, pẹ̀lú àdá tuntun méjì,
ẹ̀gẹ́ gààrí kan, àti kẹ̀rẹ́gbẹ̀ omi tó ń jò.
A kọjá Àmúlókò. Níbi tí ọ̀dà ti tán lójú títì
ni Mósúnmọ́lá ti bi mí pé, "Ṣé Ìbàdàn ṣì nìyí?"
Mo ní Ìbàdàn gan-an nìyí.
Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko;
ọ̀sẹ̀ yìí, mo ní kí oko gba àbọ̀ ìgboro.

Bùrémọ̀ pàdé wa lẹ́nu abà.
Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán. Kò kí mi.
Ó wo bàtà mi, ó wo ọkọ̀, ó ní,
"Ọdún mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ kọ́kọ́ ṣánko."

Kọ́kọ́rọ́ kọ̀, kò yí, àfìgbà tí a fi epo pa á lẹ́nu.
Àdán fò jáde kí àwa tó wọlé.
Ìwọ̀n kòkó Bàbá ṣì so rọ̀ lára àjà,
ó ń wọn òfìfo,
ó sì ń wọ̀n ọ́n pé.

Alẹ́ àkọ́kọ́ kò dùn, mi ò ní purọ́.
Ẹ̀fọn jẹ wá yó. Orí àkìtàn nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì wà:
àwọn ọmọ gùn ún, wọ́n nawọ́ fóònù sókè
bí ẹni tí ń tọrọ òjò.
Àbíkẹ́yìn sunkún pé òkùnkùn náà pọ̀ jù,
pé òun ń gbọ́ tó ń mí.

Òjò ọ̀hún dé lọ́jọ́ kẹta, ó lu páànù mọ́jú.
Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ìkùukùu ti gba gbogbo oko,
igi kòkó kò sí mọ́, àfi orí wọn.
Láoyè, ìkùukùu tìrẹ náà ni. Mo dá a mọ̀.
Ewúrẹ́ Bùrémọ̀ ń yọ nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí
bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè.
Mo jẹ wọ́n.

Lọ́sàn-án, Mósúnmọ́lá la kòkó mọ́ òkúta,
ó fa omi dídùn ara rẹ̀ mu, ó tu èso rẹ̀ sínú ẹrẹ̀.
Bùrémọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò:
"Èyí ló gbé àbúrò bàbá rẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú."
Ọmọ náà kò tutọ́ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

A ò parí igbó náà. Ó ku ọwọ́ odò.
Lọ́jọ́ keje mo nawọ́ owó sí Bùrémọ̀,
ó gbà á, ó kà á, ó ní owó páànù kù.

Fọ́tò kan péré ni mo rí yà. Ó ṣú díẹ̀.
Ohun funfun tí o máa rí lápá òsì
kì í ṣe àgùntàn, irùngbọ̀n Bùrémọ̀ ni.
Ó ní kí n bi ọ́ léèrè
ṣé ẹ bá àwọn ará ibẹ̀ ṣánko
kí wọ́n tó gbà kí ẹ sùn.